Ẹ Bi Wá: Eèsún Tí Kò Kúrò Lákùrọ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Mo ní àkùrọ̀ kékeré kan níbí l'Óṣogbo, etí omi tó ń ṣàn lọ sínú odò Ọ̀ṣun, àgbàdo àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ni mò ń gbìn síbẹ̀. Eèsún ò jẹ́ n sinmi. Mo ti ṣá a ládàá, mo ti sun ún níná, tójò bá ti rọ̀ báyìí ó ti hù padà, àfi bíi pé ẹnì kan ń gbìn ín lóru. Ṣé kí n kúkú fín oògùn sí i ni? – Bàbá Alákùrọ̀, Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ kú làálàá. Ẹ má bínú o, ẹ̀yin gan-an wà lára àwọn tó ń gbìn ín. Ẹ mú igi eèsún kan, ẹ bó ewé ara ẹ̀ kúrò, ẹ óò rí oríkèé lórí oríkèé, ojú kékeré kan sì wà nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ojú yẹn ló ń hù. Tẹ́ ẹ bá ṣá a tán tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù, oríkèé tó bá ti kan ẹrẹ̀ máa ta gbòǹgbò ni. Bẹ́ẹ̀ náà làwọn tó ń gbìn ín fún màálù ṣe ń ṣe, igi olóríkèé mẹ́ta ni wọ́n ń gé kì bọlẹ̀, torí èso ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ hù. Omi náà ń bá yín gbìn ín, tódò bá kún á já igi lókè á gbé e wá bá yín. Iná ńkọ́? Ewé ló ń jó, ìdí tó wà lábẹ́ ilẹ̀ ò mọ nǹkan kan.

Ilẹ̀ Áfíríkà níbí ló ti ṣẹ̀ wá, kì í ṣe koríko ọdún kan, ó sì lè ga tó mítà mẹ́rin. Schumacher, onímọ̀ ewéko ará Denmark, ló kọ orúkọ sáyẹ́ǹsì ẹ̀ sínú ìwé lọ́dún 1827, Pennisetum purpureum ló pè é, wọ́n ti kó o sábẹ́ ìsọ̀rí koríko mìíràn tí wọ́n ń pè ní Cenchrus báyìí. Nǹkan tí ọ̀pọ̀ ò kíyè sí ni pé etí omi ló fẹ́, kò fẹ́ omi tó dúró tì í lẹ́sẹ̀ pẹ́, ìdí nìyẹn tó fi ń tò sórí bèbè tí kì í wọ àárín àbàtà lọ. Gbòǹgbò ẹ̀ sì jìn, ìyẹn ni ò fi kú nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. (Òyà fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, ẹ̀yin ọdẹ ẹ mọ ohun tí mò ń sọ.)

Oògùn yẹn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi sílẹ̀, omi ló máa gbé e lọ bá ẹlòmíì. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kẹ́ ẹ fi ọkọ́ hú ìdí ẹ̀ nínú oko, kẹ́ ẹ kó gbogbo ẹ̀ sórí àpáta kó gbẹ fọ́nfọ́n. Àmọ́ ti orí bèbè, ẹ má hú u o! Òun ló di ilẹ̀ yín mú kí omi má gbé e lọ. Ó tún ń ran àgbàdo lọ́wọ́: ní Kenya wọ́n ń dìídì gbìn ín yí oko àgbàdo ká, labalábá tí ọmọ ẹ̀ ń gbẹ́ inú igi àgbàdo á lọ yé ẹyin sára eèsún, ọmọ yẹn bá wọ inú igi, oje ẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ọn, ọ̀pọ̀ ló ń kú síbẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, àwọn ewúrẹ́ mi ń kọ eèsún, ọmọ mi sì ní ìreke igbó ni. Òótọ́ ni? – Ìyá Ìbejì, Òkè-Baálẹ̀

ÌDÁHÙN: Ẹbí kan ni wọ́n, àmọ́ kì í ṣe ìreke. Ẹ wo òdòdó ẹ̀ tí ọyẹ́ bá ń bọ̀, ó máa ń rí bí ìrù ológbò, ti ìreke funfun ó sì tú yẹ́ríyẹ́rí. Eèsún tó ti gbó làwọn ewúrẹ́ yín ń kọ̀, igi ẹ̀ le, oúnjẹ inú ẹ̀ sì ti dínkù. Ẹ máa gé e ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, ẹ ṣẹ́ ìdí ẹ̀ kù díẹ̀ kó lè rúwé padà, kẹ́ ẹ gé e wẹ́wẹ́ kẹ́ ẹ tó fún wọn. Kí ọmọ tó ń bá yín gé e wọ ẹ̀wù alápá gígùn o, etí ewé yẹn ń ya ara.