Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ọkọ̀ Spọ́ọ̀tì Àlòkù Fún Ẹni Tówó Rẹ̀ Ò Tó Nǹkan

Ohùn kan náà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ wà nínú àwọn lẹ́tà tá a mú lóṣù yìí: ọkàn ń fẹ́, àpò ò gbà. Orúkọ ọkọ̀ kan ló ń jẹ yọ jù nínú wọn, ìyẹn Mazda MX-5, èyí táwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní Miata. Torí náà, òun la máa tú palẹ̀ jù.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ọmọ ọdún 27 ni mí, £4,000 sì ni gbogbo owó tí mo tù jọ fún ọkọ̀ spọ́ọ̀tì àkọ́kọ́ mi. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n ra Porsche Boxster torí owó rẹ̀ ti wálẹ̀. Òmíràn ní MX-5. Èwo ni kí n mú?
*Olùkà wa ní Peckham, London*

MX-5 ni. Lóòótọ́, owó Boxster àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n ṣe láti 1996 dé 2004, ti wálẹ̀. Ṣùgbọ́n owó ẹṣin ló wálẹ̀, owó koríko rẹ̀ ò wálẹ̀. Bíárín kan wà nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní IMS. Tí bíárín yìí bá fọ́, gbogbo ẹ́ńjìnnì lè bá a lọ, owó ẹ́ńjìnnì míì á sì ju owó tẹ́ ẹ fi ra ọkọ̀ lọ. Ẹ́ńjìnnì náà tún há sáàárín ọkọ̀, lẹ́yìn ìjókòó, ẹ ò lè ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ kàn yọjú wò ó.

Ọdún 1989 ni MX-5 jáde, nígbà tó sì fi máa di 2016, wọ́n ti ṣe mílíọ̀nù kan rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí páàtì rẹ̀, tuntun àti àlòkù, fi wà káàkiri. Oríṣi mẹ́rin ló wà: NA (1989 sí 1997), NB (1998 sí 2005), NC (2005 sí 2015), àti ND tó tẹ̀ lé e. NA ti di ohun táwọn tó fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́ ń kó pa mọ́, owó tó mọ́yán lórí nínú wọn ò sì rọrùn mọ́. ND kọjá agbára àpò yín. Ó wá ku NB àti NC àkọ́kọ́. NB fúyẹ́, ó sì rọrùn láti tún ṣe, àmọ́ ìpẹtà ń jẹ ẹ́. NC gbòòrò díẹ̀, ṣéènì ló wà nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dípò bẹ́líìtì, ṣùgbọ́n àwọn kan nínú wọn ń mu ọ́ìlì. Ẹni tí kì í yọ dípísítììkì, ìyẹn ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì, wò lè fi bẹ́ẹ̀ pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀ láìmọ̀.

Ẹ má ná ju £2,800 lórí ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Èyí tó kù ni táyà, bẹ́líìtì, bíréèkì àti ọ́ìlì máa jẹ láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Kẹ́ ẹ tó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ wo èyíkéyìí, ẹ fi nọ́ńbà rẹ̀ béèrè iye tí adójútòfò máa gbà lọ́wọ́ yín. Àwọn kan ti ra ọkọ̀ tán kí wọ́n tó mọ̀ pé adójútòfò ọdún kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ọkọ̀ náà.

Mo fẹ́ lọ wo MX-5 ọdún 2003 kan lọ́jọ́ Sátidé, ẹ́ńjìnnì 1.8, ó ti rin 92,000 máìlì. Mi ò mọ nǹkan kan nípa ọkọ̀. Kí ni kí n wò?
*Olùkà wa ní Leeds*

Ilé ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ gba nọ́ńbà ọkọ̀ náà, kẹ́ ẹ lọ sórí ìkànnì gov.uk níbi tí wọ́n ti ń wo ìtàn MOT, ìyẹn àyẹ̀wò ọdọọdún tí wọ́n ń ṣe fún ọkọ̀ ní Britain. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ máa rí àwọn ìdánwò tó ti ṣe láti 2005, iye máìlì tó wà lórí rẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan, ohun tó mú kó já, àti ohun tí ayẹ̀wò kàn fi kìlọ̀. Tí máìlì bá ń lọ sókè tó tún já wálẹ̀, ẹnì kan ti fọwọ́ kan mítà. Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ máa fojú wá jù ni corrosion, ìyẹn ìpẹtà. Ká ní wọ́n kìlọ̀ nípa ìpẹtà lábẹ́ ọkọ̀ lọ́dún mẹ́ta léraléra, tó wá di ọdún kẹrin tí kò sóhun tó jọ ọ́ mọ́, ẹ béèrè rìsíìtì wẹ́dà. Bí kò bá sí rìsíìtì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀dà dúdú ni wọ́n fi bo egbò mọ́lẹ̀.

Ẹ san owó díẹ̀ fún àyẹ̀wò gbèsè. Ọkọ̀ tí ẹni tó ń tà á ṣì jẹ ilé iṣẹ́ ayánilówó ní gbèsè lórí rẹ̀ lè kúrò lọ́wọ́ yín lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti sanwó. Àyẹ̀wò yẹn náà ló máa sọ bóyá ó ti ní jàǹbá rí: Cat S túmọ̀ sí pé egungun ọkọ̀ náà fara gbá, Cat N ò kan egungun. Ìwé V5C ńkọ́? Ẹni tí ọkọ̀ wà lórúkọ rẹ̀ ló ń fi hàn, kò túmọ̀ sí pé òun ló ni ín. Síbẹ̀, ilé tó wà nínú ìwé náà ló yẹ kẹ́ ẹ ti wo ọkọ̀. Bí ẹni tó ń tà á bá ní kẹ́ ẹ pàdé òun níwájú ilé ìtajà kan, ẹ má lọ.

Ẹ sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé kó má tan ẹ́ńjìnnì kẹ́ ẹ tó dé. Ẹ gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Tó bá gbóná, ohun kan wà tí kò fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ nígbà tó bá tutù.

Ohun tó ń pa MX-5 gan-an ni omi òjò, kì í ṣe eré. Omi tó bá bọ́ sórí òrùlé aṣọ rẹ̀ máa ń ṣàn gba ihò méjì lẹ́yìn ìjókòó, á gba inú rọ́bà lọ jáde lábẹ́ ọkọ̀, níwájú táyà ẹ̀yìn. Tí ewé àti ẹrẹ̀ bá dí ihò yẹn, omi á kún, á wá ọ̀nà gba inú síìlì (sill) lọ, ìyẹn irin gbọọrọ tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn. Inú ló ti ń jẹ bọ̀ wá síta. Nígbà tẹ́ ẹ bá fi máa rí i kí ọ̀dà lé ròrò bíi pé iná jó o, irin inú ti lọ. Ẹ kúnlẹ̀ síwájú táyà ẹ̀yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, kẹ́ ẹ fi ìka kan ibẹ̀ kó-kó-kó. Irin tó dá a máa dún gbangba. Èyí tó ti jẹra á dún bíi páálí. Ẹ mú òòfà kékeré dání, ẹ fi aṣọ wé e kó má bàa ha ọ̀dà. Ibi tí kò bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, bọ́dìfílà, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń dí ihò ara ọkọ̀, ló wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ tọrọ àyè kẹ́ ẹ da ife omi kan sí ihò lẹ́yìn ìjókòó. Kò gbọdọ̀ pẹ́ kí omi náà tó jáde nílẹ̀. Tí kò bá jáde, ẹ ti mọ ibi tó ń lọ.

Ibi kejì tí ìpẹtà ń jẹ, tí ọ̀pọ̀ olùrà kì í dé, wà níwájú. NB ní irin gígùn méjì tó lọ síbi bọ́ńpà, ìpele méjì ni irin náà, omi sì ń há sáàárín wọn nítòsí ibi tí wọ́n de anti-roll bar mọ́, ìyẹn ọ̀pá irin tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ tẹ̀ jù ní kọ́nà. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Irin tó ti ń ṣí bí ewé ìwé tàbí tó ti wú, owó wẹ́dà ibẹ̀ wọ́n, torí wọ́n ní láti gé ìpele méjèèjì. Tí síìlì àti irin iwájú bá ti jẹ pa pọ̀, ẹ kí i pé ó dàárọ̀. Ẹ má dúnàádúrà.

Àwọn yòókù ṣeé fi ja owó. Ẹ tẹ kápẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn ìjókòó bóyá ó tutù. Ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì búùtù, ibẹ̀ ni bátìrì wà. Ẹ béèrè ìwé tàímín bẹ́líìtì: 60,000 máìlì ló yẹ kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, wọ́tà pọ́ǹpù sì máa ń bá a lọ. "Wọ́n ti ṣe é" láìsí ìwé, wọn ò tíì ṣe é nìyẹn. Ẹ wo orí rédíétọ̀, ike dúdú ni. Tó bá ti pọ́n bíi tíì, kò ní pẹ́ sán. Èéfín búlúù túmọ̀ sí pé ọ́ìlì ń jó. Èéfín funfun tí kò dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì gbóná, omi rédíétọ̀ ni. Kílọ́ọ̀ṣì tó bá rì sílẹ̀ tí kò tètè padà, slave cylinder rẹ̀, ìyẹn páàtì tó ń fi omi ti kílọ́ọ̀ṣì, ló ń jò. Àrùn tó wọ́pọ̀ lára ọkọ̀ yìí ni, kò sì wọ́n.

Ẹ wà á fún ogún ìṣẹ́jú ó kéré tán. Jíà kejì lè ta kú díẹ̀ nígbà tó bá ṣì tutù. Tó bá ń han lẹ́yìn tó gbóná, jíà náà ti jẹ. Nígbà tẹ́ ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ sún ọwọ́ mọ́ irin táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ má fọwọ́ kàn án. Èyí tó bá gbóná ju àwọn yòókù lọ, bíréèkì rẹ̀ ló ń há, ti ẹ̀yìn ló sì sábà máa ń jẹ́ torí ọkọ̀ tó ti jókòó pẹ́. Ẹ ka nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lára táyà: 1214 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kejìlá ọdún 2014. Ojú táyà bẹ́ẹ̀ lè ṣì jinlẹ̀ kó sì ti gan, á máa yọ̀ lójò.

Tẹ́ ẹ bá rà á, owó orí títì tí ẹni yẹn ti san kì í bá ọkọ̀ lọ. Ẹ san tiyín kẹ́ ẹ tó wà á kúrò níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Kent fẹ́ fi MX-5 rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi ní Èkó. Owó ọkọ̀ ojú omi nìkan ni mo máa san. Ṣé kí n gbà?
*Olùkà wa ní Sùúrùlérè*

Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n yín, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n tà á síbẹ̀, kí wọ́n fowó ránṣẹ́. Ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárín ọkọ̀ Britain wà. Láti April 2, 1972 ni Nàìjíríà ti bọ́ sí apá ọ̀tún títì, òfin ò sì gba irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ láyè mọ́. Ẹ má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín pé òun máa yí sítíárín rẹ̀ sí òsì: wọ́n á gé irin tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti ẹsẹ̀ yín, wọ́n á sì tú wáyà dáṣíbọ́ọ̀dù.

Tẹ́ ẹ bá ń wá tòkúnbọ̀ tó dùn ún wà tí mẹkáníìkì àdúgbò mọ̀ dáadáa, ẹ wá Toyota Celica GT tí wọ́n ṣe láti 2000 dé 2005, èyí tó ti Amẹ́ríkà wá. Ẹ́ńjìnnì 1ZZ tó wà nínú rẹ̀ ló wà nínú Corolla 2003 sí 2008 níbẹ̀, ẹ mọ bí páàtì Corolla ṣe pọ̀ tó ní Ládípọ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e ni Scion tC 2005 sí 2010, ẹbí ẹ́ńjìnnì Camry Big Daddy 2.4 ló gbé. Ẹ yẹra fún GT-S: ẹ́ńjìnnì rẹ̀ yàtọ̀, bẹntiróòlù olówó gọbọi ló ń fẹ́.

Àìsàn 1ZZ àwọn ọdún àkọ́kọ́, títí dé nǹkan bí 2002, ni kó máa mu ọ́ìlì, torí ihò tí ọ́ìlì ń gbà padà lára písítìn kéré jù. Ẹ jẹ́ kó dúró lórí áídù ìṣẹ́jú mẹ́rin, kẹ́ ẹ wá tẹ iná lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹnì kejì máa wo ẹ̀yìn. Tí èéfín búlúù tó nípọn bá jáde, ó ń mu ọ́ìlì nìyẹn. VIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀, ti Celica tòótọ́ máa fi JT bẹ̀rẹ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ló sì máa jẹ́. Ẹ fi gba ìtàn rẹ̀ láti Amẹ́ríkà, kẹ́ ẹ wo bóyá wọ́n kọ salvage (jàǹbá ti bà á jẹ́ gan-an) tàbí flood (omi ti bò ó) sí i. Ẹ tún fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde dé òpin: ilà ẹrẹ̀ tó bá wà níbẹ̀, omíyalé ló fi í sílẹ̀, kò sí bí wọ́n ṣe fọ ọkọ̀ náà tó. Iná éábáàgì gbọ́dọ̀ tàn nígbà tẹ́ ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, kó sì kú. Tí kò bá tàn rárá, wọ́n ti yọ gílóòbù rẹ̀ kúrò kẹ́ ẹ má bàa mọ̀ pé éábáàgì ti bú.

Mo rí MX-5 méjì ní iye kan náà. Ọ̀kan wà bó ṣe ti ilé iṣẹ́ wá. Wọ́n ti rẹ èkejì sílẹ̀, wọ́n fi táábò sí i, sàléńsà rẹ̀ ń dún bí àrá. Èyí ló wù mí.
*Olùkà wa ní Birmingham*

Ẹ ra àkọ́kọ́. Ẹ ò mọ ẹni tó de táábò yẹn, ẹ ò sì mọ bó ṣe wà á. Gbogbo àfikún ló yẹ kẹ́ ẹ sọ fún adójútòfò. Èyí tẹ́ ẹ bá fi pa mọ́ lè mú kí wọ́n kọ̀ láti sanwó lọ́jọ́ tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀.

Mo ti ra Miata 2001, jíà márùn-ún ọlọ́wọ́. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?
*Olùkà wa ní Houston*

Ẹ pààrọ̀ gbogbo ọ́ìlì rẹ̀, ohun yòówù kí ẹni tó tà á sọ. Ẹ ra gálọ̀ọ̀nù ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kan àti fílítà, ẹ má da gbogbo rẹ̀ sí i tán, ẹ dúró nígbà tó bá kan àmì lára dípísítììkì. Jíà máa gba nǹkan bíi lítà 2 ọ́ìlì 75W-90. Èyí tí wọ́n kọ GL-4 sí lára ni kẹ́ ẹ rà, torí àwọn GL-5 kan máa ń jẹ irin pupa inú jíà. Difẹ́ráńsíà ẹ̀yìn ló ń fẹ́ GL-5, kò sì gbà ju nǹkan bíi lítà 1 lọ. Kẹ́ ẹ tó fa ọ́ìlì jíà tàbí ti difẹ́ráńsíà dànù, ẹ kọ́kọ́ tú nọ́ọ̀tì òkè tí wọ́n ń gbà rọ ọ́. Ẹni tó bá fa ti ìsàlẹ̀ ṣáájú, tí ti òkè wá kọ̀ láti tú, á fi ọkọ̀ sílẹ̀ láìsí ọ́ìlì. Omi bíréèkì ni bíréèkì àti kílọ́ọ̀ṣì ń lò, èyí tí wọ́n kọ DOT 4 sí lára dáa fún méjèèjì.

Ẹ la ihò omi lẹ́yìn ìjókòó pẹ̀lú okùn ọ̀rá tí wọ́n fi ń gé koríko. Wáyà líle máa dá rọ́bà inú rẹ̀ lu, omi á sì gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ lọ ṣe aláínmẹ́ǹtì, nítorí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọkọ̀ yìí ló ṣeé tún tò. Kẹ́ ẹ sì bojú tó afẹ́fẹ́ táyà: 26 psi ni Mazda kọ fún un, níwájú àti lẹ́yìn. Fọkanáísà tí kò mọ̀ ọ́n á fẹ́ ẹ dé 32 bíi ti ọkọ̀ yòókù, ẹ̀yìn ọkọ̀ á sì máa ta pọ́n-ún pọ́n-ún ní kọ́nà, pàápàá lójò.