Owó Ìrántí fún Ìwádìí Kókó Inú Ọpọlọ: Báwo Ni Kí A Ṣe San Án?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù kú nítorí kókó inú ọpọlọ tí àwọn dókítà ń pè ní glioblastoma. Dípò òdòdó, a ní kí ará àti ọ̀rẹ́ dáwó fún ìwádìí àrùn náà. £2,400 ti wọ àkáǹtì àbúrò mi obìnrin, £600 nínú rẹ̀ sì wá láti Ìbàdàn. Báwo ni a ó ṣe san án tí kò fi ní di owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì?

Ìdáhùn: Ẹ kú àráfẹ́rakù, Ọlọ́run yóò tu gbogbo ẹbí nínú. Iṣẹ́ ìṣirò owó fún àwọn ẹgbẹ́ aláàánú ni mo ń ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí mo sì fẹ́ kọ́kọ́ bẹ̀ yín ni pé kí àbúrò yín má tíì fi owó náà ránṣẹ́ bí ẹni pé òun nìkan ló ni ín.

Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ètò kan tó ń jẹ́ Gift Aid: bí ẹni tó ń san owó orí níbẹ̀ bá ta ẹgbẹ́ aláàánú lọ́rẹ, ẹgbẹ́ náà lè gba pẹ́ńsì 25 sí i lọ́wọ́ ọ́fíìsì owó orí lórí pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó yọ owó lápò gan-an ni ó gbọ́dọ̀ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ilé rẹ̀ sí fọ́ọ̀mù, owó orí tó san lọ́dún náà sì gbọ́dọ̀ tó iye tí ẹgbẹ́ náà máa gbà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun ni ìjọba yóò ní kó san ìyókù. £600 ti Ìbàdàn kò sí nínú ìyẹn, àyàfi bí ẹni tó fi ránṣẹ́ bá ń san owó orí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí gbogbo àwọn tó dá £1,800 yòókù bá kún fọ́ọ̀mù tiwọn, £450 ni yóò gun orí rẹ̀, àpapọ̀ yóò sì di £2,850. Fọ́ọ̀mù náà lè bo ẹ̀bùn tí ènìyàn ti san tẹ́lẹ̀, nítorí náà kò tíì pẹ́ jù. (Bí ẹ bá ta aṣọ ẹbí, èrè orí rẹ̀ kò sí lára rẹ̀ o, nítorí ẹni tó sanwó ti gba aṣọ lọ sílé. Ẹ lè fi ìyẹn tọrẹ, ṣùgbọ́n láìsí Gift Aid.)

Ní ti ẹgbẹ́ tí ẹ ó yàn, Brain Tumour Research gbájú mọ́ ìwádìí àti ìpolongo, ó sì ń ná owó sórí iṣẹ́ ní àwọn yunifásítì bíi Queen Mary ní Lọ́ńdọ̀nù àti Plymouth. The Brain Tumour Charity ń ṣe ìwádìí, ó tún ń ran aláìsàn àti ẹbí wọn lọ́wọ́. Cancer Research UK ń bójú tó gbogbo oríṣi jẹjẹrẹ. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé ìwádìí kókó inú ọpọlọ ni owó náà wà fún, nítorí bí wọ́n bá ti gbà á lórí àdéhùn yẹn, òfin kò jẹ́ kí wọ́n ná an sórí nǹkan mìíràn. Ẹ má ṣe wá há a mọ́ ilé ìwòsàn kan tàbí dókítà kan, torí owó tí a há mọ́ ibi tóóró bẹ́ẹ̀ máa ń jókòó sí báńkì láìṣiṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ owó oṣù tí ẹ sọ yé mi, ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ọn tán. Owó oṣù àwọn tó ń ṣe ìwádìí ni ó pọ̀ jù nínú owó ìwádìí, ẹnìkan sì gbọ́dọ̀ wà ní ọ́fíìsì tí yóò fi ìwé àwọn tó ń tọrọ owó ránṣẹ́ sí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí wọn kò sí nínú ẹgbẹ́ náà, kí wọ́n lè sọ èyí tó pegedé. Ohun tó yẹ kí ẹ bẹ̀rù ni ẹgbẹ́ tí kì í ṣe irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀. Ẹ wá orúkọ ẹgbẹ́ náà nínú ìwé àkọsílẹ̀ Charity Commission, àjọ tó ń bójú tó àwọn ẹgbẹ́ aláàánú, ẹ ka ìròyìn owó rẹ̀ ti ọdọọdún, kí ẹ sì wo iye tó bọ́ sọ́wọ́ àwọn olùwádìí gan-an.

Irú owó yìí ti so èso rí. Temozolomide, oògùn tí wọ́n ń fún ọ̀pọ̀ aláìsàn glioblastoma lónìí, ti Yunifásítì Aston ní Birmingham jáde, owó ẹgbẹ́ aláàánú Cancer Research Campaign sì wà nínú iṣẹ́ náà. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2005 fi hàn pé nígbà tí wọ́n fi oògùn yìí kún ìtọ́jú onítànṣán, ìdajì àwọn aláìsàn wà láàyè kọjá oṣù 14.6, nígbà tó jẹ́ oṣù 12.1 fún àwọn tó gba ìtànṣán nìkan. Èrè náà kéré, mo mọ̀. Ọ̀kan lára ohun tó fà á ni pé ara fúnra rẹ̀ mọ odi kan yí ọpọlọ ká, tí kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ oògùn inú ẹ̀jẹ̀ wọlé. Ìjọba pàápàá ṣèlérí £40 mílíọ̀nù ní 2018, ọdún tí Tessa Jowell, mínísítà nígbà kan rí, kú nítorí àrùn kan náà, ṣùgbọ́n owó náà kò tètè dé ọ̀dọ̀ àwọn olùwádìí. Ẹni tó bá fẹ́ gbà nínú owó ìjọba gbọ́dọ̀ ti ní àbájáde díẹ̀ lọ́wọ́, owó ẹgbẹ́ aláàánú ló sì sábà máa ń ran irú iṣẹ́ àkọ́kọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Tiyín kò ní dá ìwádìí kan ṣe, wọ́n á pa á pọ̀ mọ́ ti àwọn ẹlòmíràn ni.

Nítorí náà, ẹ kàn sí ẹgbẹ́ tí ẹ bá yàn, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní fọ́ọ̀mù Gift Aid àti ojú ìwé ìrántí ní orúkọ ẹ̀gbọ́n yín. Kí àbúrò yín san ti Ìbàdàn lọ́tọ̀, kó fi orúkọ olúkúlùkù àti iye tó dá kún ìyókù, kó sì gba rìsíìtì fún méjèèjì.