Níbo ni odò Àlà ti ṣàn wá, ibo ló sì ń lọ?

Ẹ béèrè ibi tí odò Àlà tó gba Àkúrẹ́ kọjá ń da omi rẹ̀ sí. Inú odò Ògbèsè ni. Apá àríwá ìwọ̀ oòrùn Àkúrẹ́ ló ti ṣẹ̀, ó gba àárín ìlú, ó wá forí lé gúúsù ìlà oòrùn. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 57, ṣùgbọ́n bíi 15 péré ló wà nínú ìgboro. Odò tí àwa ará Àkúrẹ́ ń wò bíi gọ́tà ńlá yìí, odò oko gan-an ni. Àwọn abúlé bíi Ìlàdó, Ajégúnlẹ̀ àti Aráròmí wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, ọ̀dọ̀ wọn sì ni ìdọ̀tí tí a bá dà sínú omi nígboro ń gbà kọjá.

Orí àpáta líle ni ilẹ̀ tó ń da omi sínú Àlà wà, omi kì í rì wọlẹ̀ jìnnà níbẹ̀. Ẹ tún wá fi ilé, páànù òrùlé àti ọ̀nà ọlọ́dà kún un: bí òjò ńlá bá rọ̀ láàárín oṣù kẹrin sí ìkẹwàá, kíá lodò á kún. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó máa ń fà gan-an.

Ẹ má fi Ọ̀wẹnà pè é o. Ìyẹn wà lápá ìwọ̀ oòrùn Àkúrẹ́, ọ̀nà tirẹ̀ yàtọ̀. Ògbèsè ní tirẹ̀, láti ilẹ̀ Èkìtì ló ti ń bọ̀ kó tó gba omi Àlà mọ́ra.