Jákẹ́ẹ̀tì Rossi kì í ṣe aṣọ tí a fi ń gun alùpùpù

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Northampton ni mo ń gbé, mo ti ṣe CBT, alùpùpù 125 ni mo sì fi ń gbé oúnjẹ fún àwọn oníbàárà. Láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn Valentino Rossi, ọmọ Italy tó fi alùpùpù díje. Mo ra jákẹ́ẹ̀tì tó ní 46, nọ́ńbà rẹ̀, ní Silverstone, pápá ìdíje tó wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí. Ojúlówó ni, ó nípọn, òǹtẹ̀ tó ń dán wà lára rẹ̀, owó tí mo san kò sì kéré. Ẹnì kan tó ń ta irú rẹ̀ lórí WhatsApp sọ pé òun náà ni àwọn tó ń díje ń wọ̀. Ṣé kí n ra ìkejì, kí sáìsì rẹ̀ tóbi díẹ̀, kí n lè rán fóòmù sí èjìká àti ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ fún iṣẹ́?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má ra ìkejì. Má sì rán fóòmù kankan sí èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ. Iṣẹ́ mi ni láti kọ́ àwọn tó ń ṣe CBT, ìyẹn ẹ̀kọ́ dandan tí èèyàn ń ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó tó lè dá gun 125 lójú títì, ìbéèrè yìí kò sì yéé dé ọ̀dọ̀ mi. Inú ń bí mi sí àwọn tó ń ta ọjà báyìí fún àwọn ọmọ wa.

Ọ̀rọ̀ "ojúlówó" yẹn ló ṣì ọ́ lọ́nà. Òǹtẹ̀ tó ń dán lára jákẹ́ẹ̀tì rẹ ń sọ pé ẹni tó ni orúkọ àti nọ́ńbà náà fọwọ́ sí i, pé kì í ṣe ayédèrú tí ẹnì kan lọ tẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Ó parí síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbé aṣọ yẹn lọ fi ha ọ̀dà títì kó tó lu òǹtẹ̀ náà. Aṣọ ẹbí ni. A máa ń dá aṣọ ẹbí kí àwọn èèyàn lè mọ ìdílé tí a bá wá sí òde, a kì í wọ̀ ọ́ lọ ṣán oko.

Ẹni tó wà lórí WhatsApp yẹn, ó fi ìdajì òótọ́ tàn ọ́ jẹ. Lóòótọ́, àwọn eléré ń wọ irú jákẹ́ẹ̀tì rẹ: wọ́n ń wọ̀ ọ́ bí wọ́n bá ń bá oníròyìn sọ̀rọ̀, àwọn mẹkáníìkì wọn sì ń wọ̀ ọ́ nínú gáréèjì. Tí wọ́n bá fẹ́ jáde sí pápá eré, wọ́n á bọ́ ọ sílẹ̀. Aṣọ awọ alódidi ni wọ́n ń wọ̀ jáde, awọ màlúù tàbí ti kangarúù, láti ọrùn dé ọrùn ẹsẹ̀, tí ohun líle wà ní èjìká, ìgbọ̀nwọ́ àti orúnkún rẹ̀. Láti ọdún 2018 ni ó ti di dandan kí àpò afẹ́fẹ́ wà nínú aṣọ gbogbo ẹni tó ń díje déédéé ní MotoGP, ìyẹn ìdíje alùpùpù àgbáyé tó ga jù, àti ní Moto2 àti Moto3 tó wà lábẹ́ rẹ̀. Kọ̀ǹpútà kékeré tó wà nínú aṣọ náà á mọ̀ pé eléré ti ń ṣubú, àpò náà á sì wú kó tó di pé èjìká rẹ̀ kan ilẹ̀.

Rántí Maverick Viñales, eléré MotoGP. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹjọ ọdún 2020, ní Red Bull Ring ní orílẹ̀-èdè Austria, bíréèkì Yamaha rẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀ lórí eré tó ju 200 kìlómítà ní wákàtí kan lọ. Ó fò sílẹ̀. Alùpùpù náà lọ kọlu ògiri afẹ́fẹ́ tó wà létí pápá, ó gbiná. Viñales dìde, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Nọ́ńbà 12 ló wà lẹ́yìn aṣọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, o lè ra nọ́ńbà 12 yẹn lára ṣẹ́ẹ̀tì. Awọ, ohun líle àti àpò afẹ́fẹ́ tó wà lábẹ́ nọ́ńbà náà kò bá ṣẹ́ẹ̀tì wá.

Yẹ inú ọrùn jákẹ́ẹ̀tì rẹ wò, ó ṣeé ṣe kó o rí "polyester" níbẹ̀, nítorí òun ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe irú aṣọ yìí. Ọ̀rá ni pólísítà, ní nǹkan bíi 250 lórí ìwọ̀n Celsius ló ti ń yọ́. Bí èèyàn bá ṣubú tó ń wọ́ lọ lórí ọ̀dà, ìhara yẹn ń mú ooru wá. Aṣọ á ya tàbí kó yọ́, èyí tó bá yọ́ sì lè lẹ̀ mọ́ ẹran ara. Nínípọn rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan sí i. Òtútù ni nínípọn yẹn wà fún.

Mo ní akẹ́kọ̀ọ́ kan, ọmọ Ìbàdàn, tó ṣubú ní ìkóríta ráńdábáòtù lọ́jọ́ tí òjò rọ̀. Kò sáré: 30 máìlì ni, ìyẹn 48 kìlómítà ní wákàtí kan. Aṣọ ẹgbẹ́ eléré ìje tó ní fìlà lẹ́yìn ọrùn ló wọ̀. Kò dá léegun, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì rẹ̀ bó láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́, búrọ́ọ̀ṣì sì ni àwọn nọ́ọ̀sì fi fọ òkúta wẹ́wẹ́ kúrò nínú egbò náà. Ìyá rẹ̀ pè mí láti ilé, ó ní ṣé n kò sọ aṣọ tó yẹ fún ọmọ òun ni. Mo sọ ọ́, ẹ̀ẹ̀kan péré. Láti ọjọ́ náà, mi ò fi mọ sí ẹ̀ẹ̀kan mọ́, léraléra ni mò ń sọ ọ́.

Ó wá ku fóòmù. Fóòmù bẹ́ẹ̀dì tí o lè fi ìka méjì tẹ̀ débi tí ìka á fi kan ara wọn, kí lo rò pé títì máa ṣe fún un? Páàdì tòótọ́ ní nọ́ńbà tirẹ̀ lára, EN sì ni àmì ìlànà ilẹ̀ Yúróòpù: EN 1621-1 ni ti apá àti ẹsẹ̀, EN 1621-2 ni ti ẹ̀yìn. Wọ́n ń ju irin lé e lórí, wọ́n á sì wọn agbára tó là á já dé òdì kejì. Bí ti apá bá jẹ́ ipele 1, agbára náà kò gbọ́dọ̀ ju 35 kilonewton lọ ní ìṣirò àárín. Bó bá jẹ́ ipele 2, kò gbọ́dọ̀ ju 20 lọ. Kódà bí o bá ra páàdì ipele 2 tó o rán an sínú jákẹ́ẹ̀tì Rossi, aṣọ náà á ya, páàdì á sì ṣí kúrò níbi ìgbọ̀nwọ́ kó tó ṣe ohunkóhun fún ọ.

Ohun tí mo fẹ́ kó o wá nínú aṣọ ni àkọlé kan tí wọ́n rán mọ́ inú rẹ̀, tí àwòrán ẹni tó wà lórí alùpùpù wà lára rẹ̀, pẹ̀lú EN 17092 àti lẹ́tà. AAA ló lágbára jù, AA tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà A. Níbi tí ara ti sábà máa ń kọ́kọ́ kanlẹ̀, bí èjìká àti ìgbọ̀nwọ́, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dán AAA wò ń fi í ha ilẹ̀ láti orí eré nǹkan bíi 120 kìlómítà ní wákàtí kan, AA láti 70, A láti 45. Mo bẹ̀ ọ́, ẹ̀rọ nìyẹn o. Kì í ṣe ìlérí pé bí o bá ṣubú lórí 70 o kò ní fara pa, n kò sì lè fọwọ́ sọ̀yà bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. B kò ní páàdì rárá. C wà fún gbígbé páàdì dúró nìkan, kò lè gba ìhara. Fún iṣẹ́ tìẹ nínú ìlú, má lọ sísàlẹ̀ A, bí agbára rẹ bá sì ká AA, òun ni kó o rà. Tí ẹni tó ń tajà bá ní aṣọ òun "ní ààbò" ṣùgbọ́n tí kò rí àkọlé yẹn fi hàn ọ́, dá a padà fún un. Bákan náà lọ̀rọ̀ rí bó bá jẹ́ aṣọ awọ tí wọ́n kùn bíi ti Rossi tàbí ti Márquez, eléré MotoGP mìíràn: òmíràn dára gan-an, àkọlé ló máa sọ ọ́.

Ìbọ̀wọ́, EN 13594. Bàtà, EN 13634. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fi dandan lé ohun mìíràn lórí ẹni tó ń gun alùpùpù ju hẹ́límẹ́ẹ̀tì lọ, èyí kò sì túmọ̀ sí pé hẹ́límẹ́ẹ̀tì nìkan tó. Kí n tó gbàgbé, bi àwọn adójútòfò rẹ bóyá ìwé tí o gbà lọ́wọ́ wọn kan gbígbé oúnjẹ fún owó, nítorí èyí tí èèyàn fi ń lọ síbi iṣẹ́ lásán kì í sábà kàn án.

Mi ò ní kó o sọ jákẹ́ẹ̀tì náà nù. Èmi náà fẹ́ràn ọkùnrin yẹn. Graziano bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ fi 46 díje, ọmọ gbà á, ó fi gba ife àgbáyé mẹ́sàn-án. Nígbà tó fẹ̀yìn tì ní 2021, wọ́n gbé nọ́ńbà náà kúrò nínú MotoGP ní Mugello, pápá ìdíje kan ní Italy, lọ́dún tó tẹ̀ lé e, kò sẹ́ni tó tún ń lò ó níbẹ̀. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ṣì ń wọ àwọ̀ yẹ́lò rẹ̀. Tí o bá ń lọ sí Silverstone, ká a sínú àpótí ẹ̀yìn alùpùpù rẹ, kó o pààrọ̀ aṣọ tí o bá débẹ̀. Ibẹ̀ ló ti wúlò. Ní 2018, àwọn èrò jókòó nínú òjò fún ọ̀pọ̀ wákàtí kí wọ́n tó wọ́gi lé ìdíje náà, ó dájú pé ẹni tó ní jákẹ́ẹ̀tì tó nípọn lọ́jọ́ náà kò kábàámọ̀ owó rẹ̀.

Ní ti sáìsì, má ra èyí tó tóbi. Tí o bá ń dán jákẹ́ẹ̀tì alùpùpù wò ní ṣọ́ọ̀bù, jókòó sórí alùpùpù kan, na ọwọ́ sí ibi ìdarí, kó o wá fi ọwọ́ kejì di páàdì ìgbọ̀nwọ́ mú. Bí o bá lè yí i kúrò lórí eegun, béèrè sáìsì tó kéré sí i.