Kóríyá wo ni mo lè máa ṣe fún ara mi bí mo ṣe ń dín ìwọ̀n ara mi kù?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni ọdún 41 ni mí. Kílò 94 ni mo wọ̀n nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ oúnjẹ jẹ. Mo sọ fún ara mi pé ọjọ́ tí mo bá dé 80 ni màá ra aago ọwọ́ kan tó ti ń wù mí tipẹ́. Láàárín oṣù méjì àkọ́kọ́ mo ti dé 89, inú mi sì dùn gan-an. Àmọ́ láti ìgbà yẹn, ó ti sú mi. N kì í tiẹ̀ rántí aago náà mọ́. Ohun kan ṣoṣo tí mo ṣì fi ń tu ara mi nínú ni pé ní gbogbo Sátidé, mo máa ń jẹ ohunkóhun tó bá wù mí. Tí mo bá wá gun òṣùwọ̀n ní Mọ́ńdè, ṣe ni ọkàn mi máa ń bàjẹ́. Kí ni mo lè fi ṣe kóríyá fún ara mi tí kì í ṣe oúnjẹ, tí kò sì ní ná mi lówó púpọ̀? Ọkọ mi ní òun lè máa fún mi lówó lórí kílò kọ̀ọ̀kan tí mo bá dín kù. Ṣé kí n gbà?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìfaradà, mà. Kí n tó dáhùn, ohun kan wà tí ẹ mẹ́nu bà tí ẹ sì sáré kọjá. Láti 94 dé 89, kílò márùn-ún ti kúrò lára yín, ìyẹn sì lé díẹ̀ ní ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni àwa tá à ń ṣiṣẹ́ oúnjẹ àti ìlera kọ́kọ́ máa ń fojú sùn. Bí èèyàn bá ti dín ìdá márùn-ún sí mẹ́wàá kù, ẹ̀jẹ̀ ríru sábà máa ń rọlẹ̀, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ náà á sì máa wálẹ̀. Ìwádìí ńlá kan wà tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, ọdún 2002 ni àbájáde rẹ̀ jáde. Àwọn tí àtọ̀gbẹ ti ń yọjú sí ni wọ́n kó jọ, wọ́n ní kí àwọn kan nínú wọn dín ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara wọn kù, kí wọ́n sì máa fi ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 ṣe eré ìdárayá lọ́sẹ̀. Àtọ̀gbẹ tó mú àwọn wọ̀nyẹn fi ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn tí wọ́n fún ní ayédèrú oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú. Ìdá méje tiyín kò ju kí ẹ dé nǹkan bíi 87 lọ.

Ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀! Ṣùgbọ́n nínú ètò tí ẹ ṣe, kò sí ohun kankan fún ẹni tó dé 89. Ẹ ṣe iṣẹ́ tó tóbi, ẹ ò rí nǹkan kan gbà. Ta ni kò ní sú? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe ara yín ní ọ̀lẹ. Ètò yẹn ni kò dáa: ẹ̀bùn rẹ̀ jìnnà jù, orí òṣùwọ̀n lẹ sì gbé e kà.

Ẹ̀bùn tó ń bọ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, bó ti wù kó wuni tó, agbára rẹ̀ kéré lórí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tibi iṣẹ́ dé tó sì ti rẹ̀. Ohun tó wà níwájú ẹni nísinsìnyí ló máa ń borí. Kílò mẹ́sàn-án ló kù kí ẹ tó dé 80. Tí ẹ bá ń dín ìdajì kílò sí odidi kan kù lọ́sẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ dókítà gbà pé kò léwu, ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án sí méjìdínlógún nìyẹn. Ó sì ṣeé ṣe kó ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí bí ara ṣe ń fúyẹ́ sí i ni agbára tó ń lò lójúmọ́ ń dín kù, tí ìwọ̀n náà á sì máa lọ́ra. Láti ibi tí ẹ wà yìí dé ọ̀dọ̀ aago yẹn, kò sí ibì kan tí ẹ ti lè dúró mí.

Ti òṣùwọ̀n ló tiẹ̀ burú jù. Òṣùwọ̀n kò mọ ọ̀rá yàtọ̀ sí omi. Ìwọ̀n ara lè fi kílò kan sí méjì lọ sókè sódò láàárín ọjọ́ mélòó kan láìjẹ́ pé ọ̀rá kún un. Iyọ̀ tó pọ̀ nínú oúnjẹ máa ń dá omi dúró sára. Nǹkan oṣù ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ obìnrin. Ṣúgà tí ara tọ́jú pamọ́ sínú iṣan àti ẹ̀dọ̀ náà wà níbẹ̀, gíráàmù kan rẹ̀ a máa fa nǹkan bíi gíráàmù mẹ́ta omi mọ́ra. Nítorí náà, omi ló pọ̀ jù nínú ohun tí ẹ ń rí ní Mọ́ńdè lẹ́yìn àjẹyó Sátidé. Ọkàn yín sì ti bàjẹ́ ná. Wolfram Schultz, onímọ̀ nípa ọpọlọ, fi iṣẹ́ tó ṣe lórí àwọn ọ̀bọ hàn pé bí ẹ̀bùn tí ọpọlọ ń retí kò bá dé lásìkò tó ń retí rẹ̀, ṣe ni iṣẹ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń tú dopamine (èròjà kan tí ọpọlọ fi ń mọ̀ pé ẹ̀bùn wà) jáde máa ń lọ sílẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo rò pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ló ń bá yín fínra lórí òṣùwọ̀n. Ẹ gùn ún pẹ̀lú ìrètí, ẹ sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè.

Ẹni tó gba alágbàṣe, iye ebè tó kọ lójúmọ́ ló ń sanwó rẹ̀ fún un, kò jẹ́ sọ pé kó dúró di ìgbà ìkórè. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí ara yín. Iṣẹ́ ni kí ẹ máa sanwó fún, ẹ fi ìwọ̀n sílẹ̀ kó máa tẹ̀ lé e bọ̀.

Iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tó hàn kedere pé ẹ ṣe tàbí ẹ ò ṣe. "Mo fẹ́ máa jẹun dáadáa" kò ṣeé kà. "Mo rìn fún ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́" ṣeé kà. "Mo kọ gbogbo ohun tí mo jẹ lónìí sílẹ̀" náà ṣeé kà, ó sì wà lára àwọn ohun tó ń ran èèyàn lọ́wọ́ jù lọ nínú iṣẹ́ yìí. Méjì péré ni kí ẹ mú.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ Sátidé. Nǹkan bíi kálórì 7,700 ló wà nínú kílò ọ̀rá ara kan. Ká ní ẹ ń dín kálórì 500 kù lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́fà, 3,000 lẹ kó jọ. Ẹni tó bá fi odidi Sátidé jẹun láti àárọ̀ títí dalẹ́, tó tún ń fi ohun mímu dídùn lé e, lè ná 2,000 padà níbẹ̀ láìfura. Ọ̀sẹ̀ tí ẹ fi ọjọ́ mẹ́fà ṣiṣẹ́ fún, iṣẹ́ ọjọ́ méjì ló ṣẹ́ kù sí yín lọ́wọ́. Àmọ́ ìṣirò yìí kọ́ ló ń dùn mí jù. Ohun tó ń dùn mí ni ohun tí Sátidé yẹn ń kọ́ yín, pé ìyà lẹ ń jẹ ní ọjọ́ mẹ́fà yòókù, pé oúnjẹ nìkan ló sì lè rẹ̀ yín lẹ́kún. Ẹ má fòfin de oúnjẹ tí ẹ fẹ́ràn o. Ẹ fi í sínú ètò ọ̀sẹ̀ yín, ìwọ̀nba tó mọ níwọ̀n, kódà kó jẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀. Kí ẹ jókòó, kí ẹ jẹ ẹ́ bí oúnjẹ. Kó má ṣáà ti jẹ́ owó iṣẹ́.

Kí wá lẹ máa fi san owó iṣẹ́? N kò ní to ogún nǹkan sílẹ̀ fún yín, torí ohun tó ń dùn mọ́ ẹlòmíì lè má já mọ́ nǹkan kan lójú yín. Bí ẹ ṣe máa rí tiyín ni màá sọ. Lọ́dún 1959, David Premack, onímọ̀ nípa ìwà ẹ̀dá, ṣàlàyé pé ohun tí ẹ̀dá máa ń ṣe fúnra rẹ̀ láìsí ẹni tó rán an, a lè fi í ṣe kóríyá fún ohun tí kì í yá a lára láti ṣe. Nítorí náà, fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ kàn máa ṣọ́ ara yín. Bí ọwọ́ yín bá dilẹ̀, kí lẹ máa ń sáré sí? Ṣé fíìmù ni? Ṣé ọ̀rẹ́ lẹ máa ń pè lórí fóònù? Ṣé ẹ máa ń ránṣọ, àbí ẹ máa ń wo bọ́ọ̀lù? Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, títí kan èyí tí ojú ń tì yín láti kọ.

Obìnrin kan tí mo ń tọ́ sọ́nà, abiyamọ tó ní àwọn ọmọ kéékèèké, kọ tirẹ̀ wá. Ẹ̀gbà ọrùn, ìpara, bàtà, irú nǹkan tí gbogbo èèyàn máa ń kọ. Nísàlẹ̀ ìwé náà pátápátá, ó fi lẹ́tà tín-ń-tín kọ ọ́ pé: "kí ẹnikẹ́ni má pè mí fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú." Mo ní kó fa ìlà lé gbogbo èyí tó wà lókè. Láti ìgbà náà, bó bá ti ìrìn ìrọ̀lẹ́ dé, yóò wọ yàrá, yóò tilẹ̀kùn, ọkọ rẹ̀ á sì gba àwọn ọmọ. Kò ná an ní kọ́bọ̀, kò sì sí bàtà tó lè fi agbára bẹ́ẹ̀ gbé e dìde lórí àga.

Tí ẹ bá ti kọ tiyín tán, ẹ bi ara yín lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan pé: ṣé màá lè fi èyí du ara mi lọ́jọ́ tí n kò bá ṣiṣẹ́? Ohun tí ẹ máa rí gbà bí ẹ ṣe é bí ẹ ò ṣe é kò lè gbé yín dìde. Ṣùgbọ́n oorun àti àkókò pẹ̀lú àwọn tí ẹ fẹ́ràn, ẹ má ṣe fi wọ́n du ara yín rárá, nítorí èèyàn kì í ṣiṣẹ́ kó tó lẹ́tọ̀ọ́ sí wọn. Kóríyá náà sì gbọ́dọ̀ tètè dé, ó pẹ́ tán kó jẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Èyí tó bá dé pa pọ̀ mọ́ iṣẹ́ tún sàn jù. Katherine Milkman àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán èyí wò nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2014. Wọ́n fi ìtàn amóríyá tí wọ́n kà sórí ẹ̀rọ lé àwọn kan lọ́wọ́, àmọ́ ibi eré ìdárayá nìkan ni wọ́n ti lè gbọ́ ọ. Níbẹ̀rẹ̀, àwọn wọ̀nyẹn ń lọ síbẹ̀ ju àwọn ẹlòmíì lọ dáadáa. Nígbà tí ọlidé dé tí ibi eré ìdárayá náà sì tì, agbára rẹ̀ lọ sílẹ̀. Torí náà, lẹ́yìn ìrìn àjò, àìsàn tàbí ọlidé, ẹ mú ìtàn tuntun, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó wà ní ọjọ́ kìíní.

Aago yín ńkọ́? Ẹ má pa á tì, ọ̀nà tí ẹ máa gbà débẹ̀ ni kí ẹ yí padà. Ẹ wá kóló kan. Ẹ pín owó aago náà sí ọ̀nà 100. Lójoojúmọ́ tí ẹ bá ṣe iṣẹ́ méjèèjì, ẹ ju ìdá kan sínú rẹ̀. Ọjọ́ tí kò bá ṣeé ṣe, ẹ má jù ú, ẹ má sì yọ nǹkan kan. Tí owó bá pé, ẹ lọ ra aago yín, ì báà jẹ́ 83 lẹ wà.

Ti ọkọ yín: ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n ẹ má gba owó orí kílò. Lọ́dún 2008, Kevin Volpp àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí èèyàn 57. Fún ọ̀sẹ̀ 16, àwọn kan nínú wọn ń rí owó gbà bí ìwọ̀n wọn bá bá ohun tí wọ́n fojú sùn mu. Àwọn wọ̀nyẹn dín kù ju àwọn tí kò gba owó lọ. Àmọ́ nígbà tí owó dáwọ́ dúró, púpọ̀ nínú ìwọ̀n náà padà wá. Mo tún ń bẹ̀rù ohun míì: ẹni tó ń sanwó orí kílò yóò fẹ́ rí òṣùwọ̀n, láìpẹ́ yóò máa wo àwo oúnjẹ yín, ìjà á sì dé. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní àkókò. Ogún ìṣẹ́jú tí wọ́n á fi mójú tó ilé kí ẹ lè jáde lọ rìn wúlò ju owó lọ, wọ́n sì lè bá yín rìn nígbà míì.

Bí ohun kan bá ti ń dùn mọ́ yín tẹ́lẹ̀, bí ijó tàbí lílúwẹ̀ẹ́, ẹ má sanwó rẹ̀ fún ara yín. Lepper, Greene àti Nisbett rí i lọ́dún 1973 pé àwọn ọmọdé tó fẹ́ràn àwòrán yíyà, tí wọ́n wá ṣèlérí ìwé ẹ̀rí fún nítorí rẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ yà mọ́ nígbà tó yá. Ohun tó ṣòroó bẹ̀rẹ̀ ni kóríyá wà fún.

Kò ní jẹ́ títí láé. Nínú ìwádìí Phillippa Lally àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tó jáde ní 2010, ọjọ́ 18 sí 254 ló ń gba èèyàn kí nǹkan tuntun tó mọ́ ọn lára, 66 ló sì bọ́ sí àárín. Wọ́n tún rí i pé fífo ọjọ́ kan kò ba nǹkan jẹ́. Nítorí náà, bí ẹ bá fo lánàá, ẹ má fìyà jẹ ara yín, ẹ má sì fi ebi san án. Ẹ rìn lónìí. Bí ẹ bá rí i pé ẹsẹ̀ yín ti ń gbé yín jáde kí ẹ tó rántí kóríyá, ẹ máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀.

Lórí Mọ́ńdè, ẹ lè ṣì máa wọn ara yín, àmọ́ ẹ máa fi ti oṣù kan wé ti oṣù tó ṣáájú. Bí ẹ bá ń lo oògùn àtọ̀gbẹ tàbí ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ sọ fún dókítà yín pé kílò márùn-ún ti lọ, torí ìwọ̀n oògùn náà lè nílò àtúnṣe. Bí ẹ bá sì rí i pé ẹ ti ń fo oúnjẹ tàbí tí ẹ ń bẹ̀rù àtijẹun, ẹ dá gbogbo ètò yìí dúró, kí ẹ tètè lọ rí wọn.