Èsì: Ṣé oníròyìn ayafọ́tò lè ráyè ṣe tara rẹ̀?

Àbúrò, o béèrè bóyá ẹni tó ń ya fọ́tò fún ìwé ìròyìn lè ráyè ya èyí tó wù ú. Ó lè ráyè, àmọ́ kò rọrùn. Ọdún kẹta mi nídìí iṣẹ́ yìí l'Ékòó rèé. Láàárọ̀, wọ́n lè rán mi lọ síbi ìpàdé kan n'Ìkẹjà. Kó tó di ọ̀sán, iná ti ń jó ọjà. Fọ́tò gbọ́dọ̀ dé ọ́fíìsì kílẹ̀ tó ṣú, pẹ̀lú orúkọ gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀. Má fi ọ̀rọ̀ orúkọ yẹn ṣeré o!

Ní ti fọ́tò tó wu èmi gan-an, àwọn ìyá tó ń yan ẹja ní Mákòókó ni mò ń yà, láàárọ̀ Sátidé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mi ò yọ kámẹ́rà. Mo ń kí wọn, mo ń ra ẹja. Ìgbà tí ìyá kan nu èéfín kúrò lójú, tó ní, "Kámẹ́rà ẹ dà?", ni mo tó bẹ̀rẹ̀.

Wo J.D. 'Okhai Ojeikere, ayafọ́tò ọmọ Nàìjíríà: ilé iṣẹ́ ìpolówó ọjà ló wà lọ́dún 1968 tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò irun dídì àwọn obìnrin wa. Ẹ̀yìn orí ló sábà máa ń yà. Fọ́tò irun náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,000.

Ládùúgbò rẹ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀, kí owó ọkọ̀ má baà dá ọ dúró.