Èsì: Ṣé olùkọ́ mọ̀ pé ìlànà wà fún lílo kọ̀ǹpútà ní kíláàsì?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ ní ṣé àwa olùkọ́ tiẹ̀ mọ̀ pé irú ìlànà bẹ́ẹ̀ wà. Ó wà o, àmọ́ ká sòótọ́, ọ̀pọ̀ wa ò gbọ́ ọ rí. Ti UNESCO, àjọ ètò ẹ̀kọ́ lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, tí wọ́n tún ṣe ní 2018 ní ìpele 3, ohun 18 ló sì ní kí olùkọ́ lè ṣe.

Níbi tí mo ti ń kọ́ni l'Ábẹ́òkúta níbí, pírójẹ́kítọ̀ ṣì wà nínú páálí lórí kọ́bọ́ọ̀dù, eruku ti bò ó. Ọ̀gá ní ká má bà á jẹ́! Ṣọ́ọ̀kì ni mo fi ń ya kíbọ́ọ̀dù sójú pátákó.

Síbẹ̀, ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, fóònù yín ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ ká fídíò aládìrẹ kan ní Ìtòkú bó ṣe ń ti aṣọ bọ aró, kí àwọn ọmọ wò ó, kí wọ́n kọ ìgbésẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀.